Ètò Àkọ́kọ́ Inú Ọkọ̀ Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Mo ti wọlé ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohun mìíràn, nítorí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ṣẹlẹ̀, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mo ń sọ ọ́ fún, títí kan àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà tí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ó wá ku ẹ̀yin nìkan. Láti ìgbà tí a ti dé ilé yín láti ìsìn máàsì òwúrọ̀ ni mo ti jókòó ti ìwé yìí, mo sì ti dìde lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo lọ wo ìkòkò lórí iná, mo lọ wo ọkọ̀, mo lọ wò ó bóyá ọkọ mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé, mo tún lọ wo ọkọ̀. Ara mi kò balẹ̀, Bàbá. Ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ nìkan.

Màtíásì ni orúkọ rẹ̀. Gbaffo ni ilé wọn, àgbẹ̀ sì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni òun kọ́, ní Paouignan ná, kí ó tó lọ kọ́ ti òdínátọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ní Parakú. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó máa ń kọrin nígbà tó bá ń fọ àwo, orin náà kì í sì í dùn rárá. Ó ní òun ti pàdé yín rí. Ó ní ọjọ́ kan iná iwájú ọkọ̀ yín kú ní Paouignan, òun ló bá yín so wáyà rẹ̀, ẹ sì bá a wí pé ó ń fi ọwọ́ dúdú kan ìjókòó yín. Lẹ́yìn náà ni ẹ gé orógbó ẹnu yín sí méjì tí ẹ fún un ní ìdajì. Ṣé ẹ rántí rẹ̀? Ṣé ẹ tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa? Ká ní ẹ mọ̀ pé ọkọ ọmọ yín ni, ṣé ẹ ò bá ti fún un ní odindi?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú yẹn, èyí tí ẹ rà ní àlòkù ní Kútọnu ní ọdún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ẹ fi ń kó àwọn ìyá oníṣu láti Tré wá sí ọjà Dassa. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, abẹ́ igi kajú ni ó wà fún ọdún méjì. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, a máa wà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí táyà rẹ̀ má baà kú, bí ó sì ti ń wà á ni èéfín ń pọ̀ sí i. Mo máa ń wo ibi ìjókòó awakọ̀, mo máa ń rí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní òkè Tré. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gun òkè, ẹ ó tẹ orí síwájú, ẹ ó mí sínú, ẹ kò sì ní mí síta àfi tí a bá dé ṣóńṣó. Àwọn ìyá oníṣu tó wà lẹ́yìn náà yóò tẹ orí síwájú. Ìgbà tí mo dé lìsé tí wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa agbára ni mo tó mọ̀ pé orí títẹ̀ kò ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́. N kò sọ fún yín. Mo rò pé ẹ mọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ní ilé wa, ohun tí bàbá ẹni ń lò ni wọ́n fi ń sin ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ. Kẹ̀kẹ́ bàbá yín ni wọ́n fi gbé àbúrò yín obìnrin. Ọkọ̀ yín yìí ni ẹ fi gbé ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí náà kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohun tí n óò fi dé Gbaffo. Wọ́n fọ ọkọ̀ náà, wọ́n so òdòdó mọ́ ọn níwájú, Bàbá Àgbà wọ agbádá ó sì jókòó sídìí rẹ̀. A kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. A dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Gbaffo, ọkọ̀ gbọ̀n, ó tu èéfín dúdú tí n kò fi rí ọwọ́ ara mi mọ́, ó sì kọ̀. Kò kú o. Ó kàn ń ké, kò lọ.

Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà dìde láti wò wá.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìyàwó, ṣé tábà ni ọkọ̀ yín ń fà ni?”

Màtíásì yọ orí láti ojú fèrèsé. “Ìyá, kì í ṣe tábà. Inú ló ń bí i pé ìyàwó ń lọ.”

“Ẹ bẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ẹ kúnlẹ̀ fún un.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ó kúnlẹ̀ sójú títì pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí tí omi fi jáde lójú mi, ẹ̀yìn zẹ́mijàn, alùpùpù akérò, sì ni mo gùn dé ilé ọkọ mi, èmi níwájú, òun lórí òmíràn lẹ́yìn mi, aṣọ funfun mi ti di àwọ̀ ẹyẹlé. Inú mi dùn dé ibi tí n kò tilẹ̀ ronú kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà.

Bàbá Àgbà ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó pè mí sójú gbogbo ẹbí.

“Ọkọ̀ tó bá dójú ti ìyàwó lójú ọ̀nà, kí ni a tún ń tọ́jú rẹ̀ fún? Mo ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin Bohicon.”

Ọkùnrin tó ń tú ọkọ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ tà ni ọkùnrin Bohicon náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbà náà ni yóò dé. Mo bẹ Bàbá Àgbà. Ó wò mí, ó wo Màtíásì, ó ní ó dára: bí ọkọ̀ náà bá gbé ẹrù iṣu gun òkè Tré kí ọkùnrin náà tó dé, ó di tèmi. Bí kò bá gùn ún, ó di ti ọkùnrin náà. Kí á má tún sọ ọ́ mọ́.

Bàbá, aṣọ yín, wọ́n ti pín in. Oko yín, Bàbá Àgbà ló ń ro ó. Ọkọ̀ yẹn nìkan ló kù tí mo lè tọ́ka sí pé tiyín ni.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lábẹ́ igi kajú tí wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sí, Màtíásì tú ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ èyí tó ń sẹ́ epo, ó yẹ gbogbo ọ̀pá wò. Kò sí ìyàtọ̀. Ó wá fi wáyà kan sábẹ́ ibi tí ẹ máa ń gbé fìlà yín lé, ó so ó mọ́ òdínátọ̀ rẹ̀, ó jókòó ó ń wò ó. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún aládùúgbò. Àpótí kékeré kan wà nínú ọkọ̀ tó ń sọ fún ẹ́ńjìnì iye epo tí yóò mu àti ìgbà tí yóò mu ún. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló kọ ètò yẹn sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò yí ètò náà padà, epo yóò sì máa wọlé ju bó ti yẹ lọ.

Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Ọkùnrin kan láti Kútọnu wá sí Paouignan pẹ̀lú òdínátọ̀ nínú àpò, ẹ̀yin àti àwọn awakọ̀ mìíràn tò síwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹ dé ilé, ẹ kó gbogbo wa sínú ọkọ̀, ẹ gbé wa gun òkè Tré, ẹ yí padà, ẹ tún gùn ún, a kò sì gbé iṣu kan ṣoṣo. Ẹ kàn fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n lára ni. Màámi ń pariwo pé kí ẹ sọ òun kalẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Màtíásì ní, “Ẹnì kan ti gé aṣọ yìí, n kò sì mọ bó ṣe gùn tó tẹ́lẹ̀. Bí mo bá gé e lé ti ẹni yẹn, ìhòhò ni yóò kù. Ẹ jẹ́ kí a dá a padà sí ti ilé iṣẹ́ ná. Ìgbà yẹn ni mo tó lè tún un ṣe bí a ṣe fẹ́.”

Mo kọ̀. N kò mọ ìdí tí ẹnu mi fi yá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ fi sínú ọkọ̀ náà ni ó fẹ́ nù kúrò. Ohùn ọkọ̀ yẹn, ẹ má bínú, mo mọ̀ ọ́n ju ohùn yín lọ, nítorí òun ni mo máa ń gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn kí n tó gbọ́ tiyín. Màtíásì kò bá mi jà. Ó ká wáyà rẹ̀, ó ní òun ń lọ pọn omi. Nígbà tó fi padà dé, mo ti rò ó pé ọkùnrin Bohicon kò ní nù ún díẹ̀díẹ̀, àáké ni yóò fi nù ún. Mo ní kó ṣe é.

Màámi ló rántí agolo mílíìkì yín, èyí tí ẹ máa ń kó ìwé ọkọ̀ àti rósárì sí. Kíléè kékeré kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú òdínátọ̀ láti tọ́jú ohun inú rẹ̀ pamọ́, a lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn, ọwọ́ yín sì ni a fi kọ ọ́ lédè Faransé pé ORIGINE, ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bàbá, mo jó. Mo jó láàárín yàrá yín, Màámi ń wò mí, òun náà ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹ ti fi ètò àkọ́kọ́ pamọ́ kí ọkùnrin Kútọnu tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ti mọ̀ pé a ó nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Màtíásì yí kíléè náà lọ́wọ́, ó wo nọ́ńbà inú rẹ̀, ó ní òun ì bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Mo ní kí ni ó ń yẹ̀ wò nínú ohun tí bàbá mi kọ orúkọ sí? Ó ní kò burú. Ó so bátìrì kejì mọ́ ti ọkọ̀, nítorí bí iná bá já lágbede méjì nígbà tí ètò ń wọlé, àpótí náà yóò kú, ọkọ̀ a sì di òkúta. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀. Kò sí ohun tó já. A tan ọkọ̀, ó dáhùn pẹ̀lú ohùn tí mo mọ̀, mo sì ń yọ̀ pé ohùn yín kò lọ síbì kankan.

Ìdajì òkè Tré, èéfín dúdú. Ó gbọ̀n, ó ké, ó kọ̀. Gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ibẹ̀ ni a ti jà fún ìgbà àkọ́kọ́. Màtíásì ní ohun tó wà nínú kíléè yẹn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Mo bi í bóyá bàbá mi ló purọ́. Ó kàn ń ká wáyà rẹ̀, ìyẹn sì bí mi nínú ju ìdáhùn lọ. Mo fi òun àti ọkọ̀ sílẹ̀ lórí òkè, mo fi ẹsẹ̀ rìn títí dé ọ̀dọ̀ Màámi.

Ó bu iṣu fún mi, ó wo ojú mi. “Ọ̀sẹ̀ méjì péré? Èmi lo ọdún kan gbáko kí n tó kọ́kọ́ sá wálé.”

“Ó ní Bàbá purọ́.”

“Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kò sọ pé kò purọ́.”

“Jẹ iṣu rẹ, kí o padà. Bàbá rẹ kò nílò agbẹjọ́rò. Ọkọ̀ rẹ̀ ló nílò mẹkáníìkì.”

Mo padà kí iṣu náà tó tutù tán. Màtíásì pè mí sítòsí. Ó ṣí òdínátọ̀, ó fi ohun tó wà nínú kíléè hàn mí, ìlà kan wà láàárín àwọn nọ́ńbà, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun níbi tí wọ́n ti ń yí ètò ọkọ̀ padà fún àwọn tó fẹ́ràn kí ọkọ̀ máa sáré. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà níbẹ̀ ti mú kí wọ́n yí i padà kí ó tó tà á, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó tó dé Kútọnu, kí ẹ tó rí i. Ọkùnrin tó wá sí Paouignan sì tún yí i padà lé e lórí. Ohun tó fi pamọ́ fún yín sínú kíléè kí ó tó ṣe é ni ohun tó bá nínú ọkọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo lóye rẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀. Níbi tiwa, ọkọ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, tuntun ni à ń pè é. Bí ẹlòmíràn bá ti lò ó ní ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, kò kan wá. Ọjọ́ tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní Kútọnu ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ó bá ṣe wà lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é. Ẹ kò purọ́. Kò sí awakọ̀ kan ní gbogbo Dassa tí kò ní kọ ORIGINE sára rẹ̀. Èmi tí mo ka ìwé, èmi náà jó yí i ká. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Màtíásì, ó ní kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ òun tó ti ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Tré.

Ṣé ẹ fura rí, Bàbá? Nígbà tí ẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ọkọ̀ tó lágbára bíi tiyín, ṣé kò ṣe yín bí ẹni pé agbára náà ti pọ̀ jù? Ní oṣù tó kẹ́yìn, tí àyà ń dùn yín, ẹ ní kí n bá yín dé Parakú, kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní mo ń kàwé fún ìdánwò bàkì, àṣekágbá lìsé. Ẹ ní kò burú. Ṣé ọkọ̀ náà ń tu èéfín lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ẹ ti ń bá a jà nìkan? Mo yege ìdánwò náà. N kò rántí ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí mo kà lọ́jọ́ yẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Láti rí ètò àkọ́kọ́ gan-an, nọ́ńbà ara àpótí ni a nílò, kì í ṣe nọ́ńbà tí ètò ayípadà ń pè. Màtíásì tú àpótí náà jáde. Ìdọ̀tí ọ̀nà Tré ti bo ìwé ara rẹ̀, erùpẹ̀ pupa yín, mo fi ìka àti itọ́ nù ún títí nọ́ńbà fi yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ní Parakú, ẹni náà sì ní ètò ilé iṣẹ́ tó bá nọ́ńbà yẹn mu wà lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n fóònù kì í mú dáadáa ní ilé wa, ẹ mọ̀. A gun òkúta ńlá ẹ̀yìn ilé, èmi gbé òdínátọ̀, òun gbé omi. A jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, òkúta ń jó wa nídìí, ètò náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń kán, ewúrẹ́ mẹ́ta dúró wọ́n ń wò wá. A rí gbogbo Dassa nísàlẹ̀, páànù ilé tó ń dán, àwọn òkè tó jókòó káàkiri bí àgbààgbà. Màtíásì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ lọ. Bàbá, n kò mọ̀ pé èèyàn lè láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí òkúta gbígbóná, kí àyà rẹ̀ sì máa já lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni ọkùnrin Bohicon ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Màtíásì fi bátìrì méjì síbẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọkọ̀ náà fún ìdajì wákàtí. Ó ti gbàgbé ibi tó wà. Ta ló ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé wa láìkí i? Ta ló sì ń kí i láti òkèèrè? Àkọ́kọ́, bàbá kan fọwọ́ lé orí bónẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ, béèrè oko. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá oníṣu kan gbé agbọ̀n rẹ̀ lé e láti sinmi. Ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn kí ó lè rí ojú ìyàwó tuntun dáadáa. Màtíásì kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Màámi ló gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó mú rósárì rẹ̀ dání.

“Ẹ máa kí wa láti ibẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń ṣe.”

“Ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún?”

“Ọkọ̀ bàbá wọn.”

“Ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé yóò yè é?”

“Bí ẹ bá jẹ́ kí a gbọ́ràn.”

Gbogbo wọn wá dúró síbẹ̀, wọn kò lọ mọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà níwájú yàrá aláìsàn. Nígbà tí ìlà tó wà lójú òdínátọ̀ kún tán, Màtíásì ka ohun tó kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi wé nọ́ńbà, ó ní kí n tan án.

Mo tan án. Ó dákẹ́, Bàbá.

Kì í ṣe pé kò dáhùn. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Kò sí èéfín. Kò sí ohùn tí mo mọ̀. Àwọn tó dúró pàtẹ́wọ́, èmi gbé orí lé apá mi, mo sunkún, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè ìdí, wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Ohùn tí ẹ̀yin fúnra yín kò gbọ́ rí ni mo ń gbọ́. Ọkọ̀ náà ti padà sí ìgbà tí kò tíì mọ̀ yín. Ṣé ó dùn yín? Ṣé bí mo ṣe ṣe é yìí dára?

Àwọn ìyá oníṣu tó ń wò wá kó iṣu wọn sínú ọkọ̀ kí a tó bẹ̀ wọ́n. Bàbá Àgbà wọnú ọkọ̀, ó jókòó síwájú, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. “Ta ni yóò wà á?” Màtíásì gbọ́dọ̀ máa wo òdínátọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Pẹ́mì mi, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, sì ti pé ọdún kan. Èmi ni mo wà á. Ó lọ́ra. Ní òkè Tré, ó lọ́ra débi pé alùpùpù kan kọjá wa, kẹ̀kẹ́ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní, “Ìyàwó, ṣé kí a sọ̀ kalẹ̀ kí a ràn án lọ́wọ́ ni?” Ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Kò ké. Ó ń gun òkè náà bí àgbẹ̀ tó mọ ibi oko rẹ̀, ó sì dé ṣóńṣó.

Lánàá, ọkùnrin Bohicon dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Bàbá Àgbà jáde sí i.

“Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ mu omi, kí ẹ máa padà lọ. Kò sí òkú nílé wa.”

Nígbà tí ó lọ, Bàbá Àgbà mú ìwé ọkọ̀ wá. Màtíásì na ọwọ́. Bàbá Àgbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọkọ mi ló tún un ṣe, ṣùgbọ́n èmi ni ọmọ ẹni tó ni ín. Ó yí padà kíákíá, ó ní eruku wọ òun lójú.

Ní báyìí a ti mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́la ni Màtíásì yóò tún ṣí àpótí náà láti fún un ní agbára tó yẹ ẹrù wa àti ọ̀nà wa, nítorí bó ṣe wà yìí, ọjà yóò ti tú kí a tó dé. Àwọn ìyá oníṣu ní kó jẹ́ kí ó máa fò. Bàbá Àgbà ní kó padà sí bí ẹ ṣe ń wà á, àwọn èèyàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Màtíásì yíjú sí mi. Ó bi mí léèrè pé báwo ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Èmi, Bàbá. Ìdí nìyí tí n kò fi lè jókòó láti àárọ̀, tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín tábìlì àti igi kajú.

Mo ti bi yín ní ìbéèrè púpọ̀ nínú ìwé yìí, n óò sì máa bi yín lọ. Ṣùgbọ́n n kò bi yín ní èyí. Kí n tó jókòó kọ ìlà yìí, mo lọ bá a lẹ́yìnkùlé, mo ní kó fi díẹ̀ kún un, ìwọ̀n ẹrù iṣu, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ì bá ní kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni n óò máa wà á.

Ọmọ yín ni mí, nílé yín tẹ́lẹ̀, nílé ọkọ mi nísinsìnyí, pẹ̀lú ìfẹ́ kan náà.